Ìṣẹ́jú 22 tí Algol fi pẹ́: ṣé ìràwọ̀ ni ká bi ni, àbí ìṣirò?

Ìbéèrè ọ̀tẹ̀ yìí wá láti Ṣakí. Ẹni tó kọ ọ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sínú àgbàlá, ó ń ya ìràwọ̀ Algol ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní àárín oṣù Kọkànlá, aago 11 ni ìràwọ̀ náà ṣókùnkùn jù lọ. Ó ti kà á pé ọjọ́ 2.867 ló máa ń wà láàárín ìṣókùnkùn kan sí èkejì. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po 31, ìṣirò sì sọ fún un pé lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí ní oṣù Kejì, ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 3, yóò tún ṣókùnkùn. Ó jókòó dè é. Aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 25 ni ìràwọ̀ tó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ó wá bi mí pé: “Mo gbọ́ pé àwọn ìràwọ̀ tó ń ṣíji bo ara wọn a máa yí àkókò wọn padà. Ṣé ohun tí mo rí nìyẹn?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Rárá, kì í ṣe ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ gbọ́, àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa yí àkókò wọn padà. Inú mi dùn pé ìṣẹ́jú 22 ló ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, torí pé mo lè ṣe ìṣirò rẹ̀ tán lójú yín láìku ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí Algol jẹ́. Nínú àkójọ ìràwọ̀ Perseus ló wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn fún nǹkan bí 90 ọdún kó tó kàn wá. Àwọn Lárúbáwá ló sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sí “orí iwin”. Ojú lásán rí i bí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí ara wọn po: ọ̀kan mọ́lẹ̀ yòò, èkejì tóbi ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí èyí tí kò mọ́lẹ̀ bá gba iwájú èyí tó mọ́lẹ̀ kọjá, ohun tí à ń rí á dín kù títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ títí di ìgbà tó bá padà bọ̀ sípò, nǹkan bí wákàtí 10 ni. Ọmọkùnrin adití kan, John Goodricke, ló ṣọ́ ọ ní ìlú York ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1782, ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Òun ló fi hàn pé ìṣókùnkùn yìí ní àkókò tí kì í yẹ̀, tó sì dábàá pé bóyá ohun dúdú kan ló ń gba iwájú ìràwọ̀ náà kọjá. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley lọ́dún 1783. Ó kú lọ́dún 1786, kò ju ọmọ ọdún 21 lọ. Ojú rẹ̀ àti aago lásán ló fi ṣe é. Ẹ̀yin ní kámẹ́rà.

Ó yá, ìṣẹ́jú 22 náà ńkọ́?

Àkọ́kọ́, ẹ gé nọ́ńbà kù. Ọjọ́ 2.867 tí ẹ kà yẹn, ẹni tó kọ ọ́ ti já ìrù rẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ sún mọ́ 2.86731, ìyẹn ọjọ́ 2, wákàtí 20, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú-àáyá bíi 56. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 27. Ta ló máa ka ìṣẹ́jú-àáyá 27 sí? Ṣùgbọ́n ẹ kò lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: 27 lọ́nà 31 jẹ́ 837, ìyẹn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 14. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè yín ti san.

Ìkejì, ẹ̀yin gan-an kò dúró sójú kan. Ṣakí kò kúrò ní Ṣakí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayé tó gbé Ṣakí ń yí oòrùn po. Láti oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 19. Ní àárín oṣù Kọkànlá, ìhà ibi tí Algol wà ni ayé wa wà sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà tètè bá wa. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, a ti ṣí kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan náà ní láti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 rìn sí i kó tó kàn yín nínú àgbàlá. (Kò pé 8 géérégé, Algol kò sí ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ọ̀nà tí ayé ń tọ̀, nítorí náà 7 lé díẹ̀ ni.) Bí ó bá ṣeé ṣe kí ẹ rí i ní oṣù Karùn-ún, ìṣẹ́jú 15 ni yóò fi pẹ́ ju ti oṣù Kọkànlá lọ, ṣùgbọ́n oòrùn á ti gbà á mọ́ wa lójú nígbà yẹn. Ole Rømer, ará Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ti rí irú nǹkan yìí lọ́dún 1676 lára òṣùpá Júpítà tó ń jẹ́ Io: nígbà tí ayé bá ń sún mọ́ Júpítà, Io á máa yá, nígbà tí a bá ń jìnnà, á máa pẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n eré tó ń sá. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó ń wọn àkókò irú ìràwọ̀ báyìí fi máa ń yí i padà sí ti ẹni tó jókòó sínú oòrùn, kí wọ́n tó fi wé ti ẹlòmíràn.

Mẹ́rìnlá pẹ̀lú mẹ́jọ, méjìlélógún. Ìràwọ̀ kò jẹ yín ní nǹkan kan.

Kí n má parọ́, bó ṣe pé géérégé yẹn ní oríire díẹ̀ nínú. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kò lè sọ ibi tí ìsàlẹ̀, ìyẹn ìgbà tó ṣókùnkùn jù lọ, wà láìṣi ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì, bí alẹ́ bá ṣe ń lọ ni Algol ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, inú eruku tó nípọn jù ló sì ń sọ̀kalẹ̀ sí. Nígbà tó yẹ kó máa mọ́lẹ̀ padà, eruku á máa fà á sẹ́yìn, yóò sì dà bíi pé ìsàlẹ̀ ìṣókùnkùn náà pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ má ṣe wo Algol nìkan. Ẹ fi wé ìràwọ̀ Epsilon Persei tó wà nítòsí rẹ̀ nínú àwòrán kan náà. Eruku tó bo ọ̀kan ló bo èkejì.

Wàyí o, báwo la ṣe ń mọ̀ nígbà tí ìràwọ̀ bá yí àkókò rẹ̀ padà ní ti tòótọ́?

Ẹ máa ka ìyàtọ̀ tí ẹ rí, kí ẹ máa tò ó sórí gíráàfù láti ọdún dé ọdún. Àkókò tí ẹ rí, ẹ yọ àkókò tí ẹ ṣírò kúrò nínú rẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ ń pe èyí ní O−C (“observed”, èyí tí a rí, “calculated”, èyí tí a ṣírò). Ìrísí ìlà tó bá jáde ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ tẹ́jú, kò sí wàhálà. Bó bá gùn lọ sókè tààrà bí àkàsọ̀, tàbí tó wálẹ̀ tààrà, ìràwọ̀ kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ lo àkókò tí kò pé, bí ẹ ṣe ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun tí wọ́n fà, àkókò ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́dúró: bí inú ọrun bá kọjú sókè, ó ń gùn sí i, bó bá kọjú sílẹ̀, ó ń kúrú. Bó bá ń lọ sókè sódò bí ìgbì, nǹkan ń fa ìràwọ̀ náà lọ tó sì ń fà á bọ̀.

Àṣìṣe kan wà nínú kíka ìyípo tó máa ń dójú ti èèyàn. Àwa tí a ń ná ọjà ọrún mọ̀ pé bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí. A ní ọjọ́ márùn-ún, torí pé a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Ẹni tó bá wá fi márùn-ún lọ́po láti wá ọjọ́ ọjà oṣù tó ń bọ̀ yóò ru ẹrù dé orí ìso òfìfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni nídìí ìràwọ̀: bí àlàfo ọdún mélòó kan bá wà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, ẹ lè ka ìyípo kan lé tàbí kí ẹ fi kan sílẹ̀, gíráàfù yín á sì máa purọ́ tó dùn ún gbọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nípa ìyípadà tòótọ́ ni Beta Lyrae. Ẹ lè fojú lásán rí òun náà láti Ṣakí ní àsìkò òjò, bí ìkúùkù bá gbà. Goodricke kan náà ló ṣàwárí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà, lọ́dún 1784. Lónìí, ìyípo kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 12.94, ó sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 19 gùn sí i lọ́dọọdún. Láti ìgbà ayé Goodricke, ìyípo kan ṣoṣo ti fi wákàtí kan àti ìdá díẹ̀ gùn sí i. Ẹ wo bó ṣe ń kó jọ: bí ẹ bá ṣírò pẹ̀lú àkókò tòní láìfi ìgùn sí i yẹn kún un, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìṣókùnkùn yóò fi wákàtí 7 lé díẹ̀ pẹ́ sí ìgbà tí ẹ ń retí rẹ̀. Ìwọ̀nyẹn kò ṣeé dá eruku lẹ́bi.

Kí ló fà á? Ìràwọ̀ méjì ni Beta Lyrae náà, ọ̀kan nínú wọn ń tú ara rẹ̀ dà sórí èkejì. Ìràwọ̀ tó ń fúnni wúwo tó oòrùn wa bíi mẹ́ta. Èyí tó ń gbà tó bíi mẹ́tàlá. Èyí tó wúwo wà nítòsí àárín ibi tí wọ́n ti ń yípo, kò rìn jìnnà. Èyí tó fúyẹ́ wà lókèèrè, òun ló ń sáré kiri. Nígbà tí gáàsì bá kúrò lára ẹni tó ń sáré lókèèrè, tó lọ bá ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àárín, ìrìn rẹ̀ ti dín kù, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ agbára yíyí àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ dín. Kí ìṣirò lè bára mu, wọ́n á sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ọ̀nà ìyípo á gùn, àkókò á sì gùn. Bó bá jẹ́ pé èyí tó wúwo ló ń fún èyí tó fúyẹ́, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: wọ́n á sún mọ́ra. Láti inú ìṣẹ́jú-àáyá 19 yẹn àti ìwúwo àwọn méjèèjì, a lè ṣírò iye ohun tó ń ṣí kọjá: lọ́dún kan, ó tó ìwúwo ayé wa bíi mẹ́fà tàbí méje. Aago àti sùúrù la fi wọn ọ̀n.

Algol fúnra rẹ̀ ti ṣe irú òwò yìí rí. Ó pẹ́ tó ti ń da àwọn awòràwọ̀ láàmú pé nínú àwọn méjèèjì, èyí tó fúyẹ́, tí kò tó oòrùn wa, ni ó ti gbó. Èyí tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sì ń tàn bí ọ̀dọ́. Ìràwọ̀ tó wúwo ló sì máa ń tètè gbó. Ó dà bí ọ̀rọ̀ Táyé àti Kẹ́hìndé: a rí Táyé tó kọ́kọ́ jáde, a sì ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Èyí tó fúyẹ́ lónìí ló wúwo jù nígbà kan. Ó gbó, ó wú, ó sì tú ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ dà sórí àbúrò.

Nípa ìgbì lórí gíráàfù, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ kẹta. Algol ní ọ̀kan, ó ń yí àwọn méjì yòókù po láàárín ọjọ́ 680 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń yípo ló ń fa àwọn méjèèjì síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sún sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ wọn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bí wọ́n bá sún síwájú, á yá. Bí ẹni tó ń pe yín láti orí jangirọ́fà ni: ẹni náà ń pè déédéé, etí yín ni kò gbọ́ ọ déédéé. Ó sì lè jẹ́ agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà. James Applegate ti Yunifásítì Columbia ló gbé àlàyé yìí kalẹ̀ lọ́dún 1992: mágínẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ ní àsìkò tó ń le àti àsìkò tó ń rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti oòrùn wa tó máa ń gba nǹkan bí ọdún 11, bó ṣe ń le tó sì ń rọ̀ ni ìrísí inú ìràwọ̀ náà ń yí padà, ìbàdí rẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀, á tún padà, bó ṣe ń fa ẹnìkejì rẹ̀ náà á sì yí padà. Ìgbì kan tó ń gba nǹkan bí ọdún 32 wà lára Algol tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì yìí.

Èmi kì í tètè gbà nígbà tí ẹnì kan bá rí ìgbì tó sì kéde pé òun ti rí pílánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2011, wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì méjì wà lọ́dọ̀ HU Aquarii, ìràwọ̀ méjì kan tó ń ṣíji bo ara wọn, nítorí irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ṣe ìṣirò ìrìn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n rí i pé bí wọ́n ṣe sọ pé wọ́n tò yẹn, wọn ì bá ti da ara wọn rú tipẹ́. Ìgbì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò dúró.

Àwọn tí àkókò wọn ń kúrú ńkọ́? Èyí tó mọ́ jù nínú wọn ni J0651, ìràwọ̀ kékeré funfun méjì tó ti jó tán, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45 yí ara wọn po. Ìgbì òòfà tí Einstein sọ tẹ́lẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún kan, àkókò wọn kò dín tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n wọ́n ń yípo ju ìgbà 40,000 lọ nínú ọdún yẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà wò wọ́n lọ́dún 2012, lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ìṣókùnkùn wọn ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 6 yá. Ohun tó kó ìṣẹ́jú-àáyá 27 yín jọ di ìṣẹ́jú 14 náà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àǹfààní ló ṣe fún wọn.

Àwọn kan sì ń sún mọ́ra títí wọ́n á fi di ọ̀kan. V1309 Scorpii bú gbàmù lọ́dún 2008. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn àwòrán àtẹ̀yìnwá tí ẹgbẹ́ OGLE ti ń yà ní Chile wò, wọ́n rí i pé ìràwọ̀ méjì ni, àkókò wọn tó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 1.4 sì ti ń já wálẹ̀, tó ń yára sí i lọ́dọọdún, kí wọ́n tó wọnú ara wọn.

Èyí ló fa ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá tún rí ìyàtọ̀. Lọ́dún 2017, Larry Molnar ti Calvin College ní Michigan kéde pé KIC 9832227, ìràwọ̀ méjì tó fara kanra tí wọ́n ń fi wákàtí bíi 11 yípo, yóò bú gbàmù bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2022, ojú lásán á sì rí i. Gíráàfù rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ti V1309 Scorpii. Gbogbo ayé gbọ́. Lọ́dún 2018, Quentin Socia ti San Diego State University àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 2003 kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò wò. Kò bá ìtàn náà mu. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà títí wọ́n fi dé orí àkókò kan tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìwádìí àtijọ́ kan: wọ́n fi wákàtí 12 gbáko ṣì í. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ìyípo kan bá jẹ́ wákàtí 11, tí ẹ sì fi 12 ṣìṣe, yóò dà bíi pé ìṣókùnkùn kàn fi wákàtí kan yẹ̀ kúrò ní àkókò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 12 ló hàn, ojú á ti rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wákàtí kan yìí rọra jókòó sí ìdí gíráàfù, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ kọdọrọ. Molnar fúnra rẹ̀ gbà pé Socia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ̀nà. Ọdún 2022 wá, ó lọ, ìràwọ̀ náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má da àwòrán méjèèjì yẹn nù. Ẹ tún un ṣírò pẹ̀lú 2.86731, kí ẹ sì yí àkókò yín sí ti inú oòrùn. Ọ̀pọ̀ áàpù ló lè bá yín ṣe é bí ẹ bá fún un ní ọjọ́ àti ìràwọ̀. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Nàìjíríà kí ó lè di aago àgbáyé. Bí ẹ bá ń lo ọjọ́ Julian, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn awòràwọ̀ fi ń ka ọjọ́ ní àtòtẹ̀lé láìsí oṣù tàbí ọdún, ẹ rántí pé ọ̀sán gangan ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òru. Ibẹ̀ ni wákàtí 12 ti máa ń yọ́ wọlé. AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1911, ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kì í bi yín ní ìwé ẹ̀rí. Lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ya àwòrán ní ìṣẹ́jú méjì méjì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìsàlẹ̀, kí ẹ má sì dìde títí wákàtí mẹ́ta á fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ló dáa jù fún un, kí ọyẹ́ tó dé.